Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Mí Tútù Sórí Bàbá Rẹ

Itele, lọ́nà Ọ̀tà,
Ní àsìkò ọyẹ́.

Ṣọládé ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́, Èkó ńkọ́, ṣé kò tíì gbé ọ mì? Ọlọ́run tí ń ṣọ́ ẹyin lábẹ́ adìyẹ yóò máa ṣọ́ ọ. O kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ohun tí o bá fọwọ́ kàn yóò máa yọrí sí rere, ibi tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ àwọn ènìyàn sí burúkú, a kò ní bá tìrẹ níbẹ̀. Àṣẹ.

Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ọyẹ́ ọdún yìí tí ó dé bí ẹni tí a jẹ lówó. Ètè mi ti là, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi ti là, ewúrẹ́ wa bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n. Itele tí o mọ̀ kọ́ ni Itele yìí mọ́. Láti ìgbà tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti yunifásítì ti ń hù ní apá Ọ̀tà bí olú, gbogbo ẹni tí ó ní ilẹ̀ ló ń kọ́ yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́. Oko ẹ̀gẹ́ Àmọ̀dá ti di ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, tí wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn sì ń bá ara wọn jà. Bí ti ọwọ́ ọ̀tún bá ní kí Sátánì jáde, ti ọwọ́ òsì náà á ní kó jáde, n kò wá mọ ibi tí wọ́n fẹ́ kó gbà, nítorí gbogbo ẹnu ọ̀nà náà ni àwọn fúnra wọn dúró sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kí wa dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ mú bíírò ni ti ẹ̀rọ tí o rà lọ́wọ́ ará Ṣáínà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀, èyí tí o ní ó lè mú ilé gbóná. N kò lè pariwo irú ọ̀rọ̀ báyìí sínú fóònù àwọn tí ń ta ìpè ní Ṣàngó Tóògéètì, kí gbogbo ẹni tí ń dúró de mọ́tò máa bá mi gbọ́ ọ. O mọ̀ pé ìyá àgbà, ìyá bàbá rẹ, ni o torí rẹ̀ fi ránṣẹ́. Láti ìgbà tí a ti gbé wọn wá láti Ọ̀tà ni òtútù ti ń mú wọn, ìró mẹ́ta lórí kúbùsù kò tó, wọn kò jẹun, ẹran ara wọn ń lọ. Nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n bá la ọyẹ́ yìí kọjá, kò séwu, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí òtútù náà wọ àyà wọn. Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn, kí wọ́n ṣáà la ọyẹ́ yìí kọjá.

Fàtáì oníferíìjì, ọmọ Ọ̀ṣun tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ojú Ọ̀rẹ́, ló wá dè é. Ẹ̀rọ náà jẹ́ méjì. Èyí tí ó fúyẹ́, ó kàn án mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì ìyá. Èyí tí ó wúwo, tí ó ní abẹ̀bẹ̀ nínú, ó ní ìta ni yóò máa gbé, pé kí òun ṣáà rí ibi tí sìmẹ́ǹtì ti tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́bàá fèrèsé. O mọ̀ pé ibì kan ṣoṣo ni sìmẹ́ǹtì ti tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́bàá fèrèsé náà. Ibi tí a tẹ́ bàbá rẹ sí ni. Èmi kò sì lè lanu kí n sọ fún Fàtáì, nítorí etí ìyá wà lẹ́yìn fèrèsé. Ìyá kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀, èèwọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí a fi sọ fún wọn pé bàbá rẹ lọ ṣiṣẹ́ lókè Ọya, tí a kò sì kọ orúkọ sí ojú ibẹ̀, tí ẹni tí kò mọ̀ fi rò pé ibi tí à ń sá ata ni. Mo wá ń ṣẹ́jú sí Fàtáì. Mo ṣẹ́jú títí, ó ní eruku ló wọ̀ mí lójú, ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi fẹ́ ẹ. Kí n tó nu ojú mi tán, ó ti gbé ẹ̀rọ lé bàbá rẹ láyà.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Fàtáì tẹ rìmóòtù sí ibi tí wọ́n ya oòrùn sí, ẹ̀rọ náà dún pìì, èmi náà ní ẹ ǹlẹ́ o. Kò pẹ́ tí ooru fi ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá ká aṣọ kúrò lára fúnra wọn, wọ́n ní kí n fún àwọn ní ẹ̀kọ, wọ́n sì mu ún tán. Inú mi dùn tí mo fi jó. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá gbé imú sókè, wọ́n ní ooru yìí, àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ó ń rùn bí irin. Èmi náà gbóòórùn, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Òórùn aṣọ bàbá rẹ ni nígbà tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Fàtáì ní eruku tó wà nínú ẹ̀rọ ló ń jó, pé bó ṣe máa ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo wá bi í léèrè ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń rí iná, nítorí n kò rí igi, n kò rí èédú. Ó ní kò dá iná kankan, pé ṣe ni ó ń ṣa ooru láti ìta, tí ó sì ń gba inú páìpù gbé e wọlé. Mo ní ìta wo? Ó ní ibi tí àwọn gbé e sí náà ni. Mo ní ooru wo ló wà ní ìta nínú ọyẹ́ yìí? Ó ní, “Màmá, ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀.”

Ọmọ mi, orí mi wú. Ta ni kò mọ̀? Ẹnìkan wà ní Itele tí ó mọ ooru ara bàbá rẹ jù mí lọ bí? Ẹni tí ó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró ti ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin ní Ṣàngó, tí kì í daṣọ bora sùn, tí ó jẹ́ pé nínú ọyẹ́, ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń yá. Àwọn tí ó wẹ̀ wọ́n fún ìsìnkú sọ fún mi pé ara wọn pẹ́ kí ó tó tutù, wọ́n ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀rọ tí ó bá ní làákàyè, ibo ni ìbá tún lọ? Ohun tí mo kàn ń rò ni pé eélòó ló ṣẹ́ kù sí wọn lára.

Mo jáde lọ síbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí iwájú abẹ̀bẹ̀ náà, èémí tútù ló ń bọ̀ níbẹ̀, ó ń mí sórí sìmẹ́ǹtì, sìmẹ́ǹtì náà sì tutù rinrin, omi ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni ń làágùn nínú àìsàn. Àwọn alángbá tí ó máa ń yáàrùn níbẹ̀ ti kó lọ sórí ògiri, wọ́n tò, wọ́n ń wo ibẹ̀, kò sí èyí tí ó mi orí. Ẹ̀rù bà mí, àánú sì ṣe mí ju ẹ̀rù lọ. Ènìyàn tí òtútù kò mú rí láyé rẹ̀! Mo wọlé, mo mú kóòtù nínípọn tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ síṣẹ́ òru, mo wọ̀ ọ́ fún ẹ̀rọ náà, mo de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, mo sì fi ọ̀já so ó. Èrò mi ni pé kí ó máa bù ú ní díẹ̀díẹ̀, kí ìyá rí díẹ̀, kí ọmọ wọn náà rí díẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ fẹ́ sínú kóòtù, kóòtù bá kún, èjìká yọ, apá méjèèjì ń gbéra, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn káàárọ̀.

Láti ìgbà náà ni kò ti gbóná mọ́. Afẹ́fẹ́ tútù ni ó ń fẹ́ sí ìyá lórí. Mo wo rìmóòtù, oòrùn wà níbẹ̀. Mo pààrọ̀ bátìrì, kò gbọ́. Mo fọ àwọ̀n ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, mo sá a, mo dá a padà, kò gbọ́. Mo wá rò ó pé kùrukùru ọyẹ́ ló bo ojú oòrùn, pé oòrùn inú rìmóòtù ló ti tán, mo bá gbé e jáde, mo gbé e sórí òrùlé ilé adìyẹ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó lè gba tuntun. Ó gbóná lọ́wọ́, ṣùgbọ́n inú yàrá kò gbóná. Ìyá tún káwọ́ kásẹ̀ jọ, ẹnu wọn di dúdú, wọ́n ń wúkọ́, wọn kò sì pe orúkọ mi mọ́. Ẹ̀rù ikú bà mí, mo ránṣẹ́ pe Fàtáì.

Ó dé, ó fetí sí ti inú ilé, ó ní gáàsì rẹ̀ pé. Ó bọ́ sí ìta, mo bá gbọ́ tí ó kígbe, “Màmá, ta ló wọṣọ fún un?” Ó tú bọ́tìnnì náà. Yìnyín ti dì sínú rẹ̀, Ṣọládé, yìnyín funfun, ní Itele! Kóòtù náà gan gbagidi, ó dúró láìsí ẹni nínú rẹ̀. Fàtáì ní ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ mí, pé mo ti dí i nímú, kò rí ooru ìta ṣà mọ́. Mo fà á lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo sọ ẹni tí ó wà níbẹ̀ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọmọ náà bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀ fún sìmẹ́ǹtì, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n rán òun. Nígbà tí ó dìde, ó ní, “Màmá, bí kóòtù bá wà níbẹ̀, inú ilé ò ní gbóná. Kò sí àbọ̀-àbọ̀ níbẹ̀.”

Mo dúró pẹ̀lú kóòtù lọ́wọ́. Ọkọ mi nìyí, ìyá rẹ̀ nìyí. N kò mọ ẹni tí ó bá irú rẹ̀ pàdé rí tí ǹ bá lọ bi. Mo ní kí Fàtáì yọ́ yìnyín náà kúrò, mo sì sọ fún bàbá rẹ pé, “Ẹ forí jì mí, ìyá yín ni.”

Ooru náà padà dé. Ìyá la ojú, pupa padà sí ètè wọn, mo sì ń dúpẹ́. Àfi bí wọ́n ṣe kọ ojú sí ògiri, tí wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ pe orúkọ bàbá rẹ, wọ́n ní, “Adérógbà, ó tó.” Wọ́n wá yíjú sí mi. Wọ́n ní, “Pa á. Ìyá kì í fi ọmọ rẹ̀ yáná.” Mo béèrè ìgbà tí wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí a ti gbé àwọn dé ni, pé Adérógbà kọ́ ni yóò lọ sókè Ọya tí kò ní ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Wọ́n ní àwọn dákẹ́ kí àwa tí à ń purọ́ lè rí oorun sùn. Mo sunkún bí ọmọdé.

Mo pa á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì wọ́n ní kí n gbé àwọn jáde. Mo ní èèwọ̀! Wọ́n ní ojú ni wọ́n kà á léèwọ̀ fún, wọn kò dárúkọ ọwọ́, pé kí n so ojú àwọn. Mo fi gèlè so ó, mo pọ̀n wọ́n, wọn kò wúwo rárá. Mo gbé wọn jókòó sójú sìmẹ́ǹtì náà. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, wọ́n ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ tuntun kó lè gùnfẹ̀. Wọ́n ní, “Gbà á, ọmọ mi. Gbà á padà.” Nẹ́pà ti mú iná lọ láti àárọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́, ewé kan kò mì, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ náà ń yí, jẹ́jẹ́, sí ẹ̀yìn. Nígbà tí mo fẹ́ gbé wọn padà, mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ǹtì náà, mo sì fà á yọ kíá. Ó gbóná bí ìdí ìkòkò.

Nítorí náà, má ṣe yọ ara rẹ lẹ́nu lórí ẹ̀rọ, kò bàjẹ́, Fàtáì ní ara rẹ̀ le. Ìyá náà kò ráhùn òtútù mọ́. Ọwọ́ wọn tutù lóòótọ́, mo fi òrí pa á pa á, kò gbóná, ẹsẹ̀ wọn náà sì ti ń tutù tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọn kò tíì jẹun láti ọjọ́ náà, mo rò pé ayọ̀ ló yó wọn.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Ti Fàtáì wà níbẹ̀, ti òrí wà níbẹ̀, ti bíríkìlà náà sì wà níbẹ̀, nítorí ìyá ní kí wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ síbẹ̀ wàyí, kí wọ́n sì fẹ sìmẹ́ǹtì náà sí i lápá ọ̀tún, kó gùn tó ẹní. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé kí àlejò lè rí ibi jókòó ni. Wọ́n ní kí bíríkìlà yára, kí ìwọ náà sì yára.

Ọlọ́run yóò mú ọ dé láyọ̀. Ọ̀nà kò ní nà ọ́, o kò ní pẹ́ lẹ́yìn ire rẹ, ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ, ojú rẹ kò ní rí ohun tí a ń so ojú sí. Kí ìyàwó rẹ, kí àwọn ọmọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọláníkẹ́ Ìyá Ṣọládé.