Àfojúsùn Tí Ẹ Ń Lé Kiri

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀? Àwa náà wà, à ń dúpẹ́. Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì, o kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ẹsẹ̀ tí o fi wọ ibẹ̀ náà ni wà á fi bọ̀ wá sílé. Bàbá rẹ kí ọ, ó ní òun kò bínú mọ́ lórí rédíò tí o ní o máa rà.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé kálámù ni ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Ìsinmi, pé ilé iṣẹ́ yín kò ní san owó oṣù gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé bí kálukú bá ṣe lé àfojúsùn bá ni owó rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, àti pé ẹni tí kò bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kí oṣù tó parí, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Mo ní kí ló sá lọ tí gbogbo yín ń lé e? O ní màámi, ẹ jọ̀ọ́, màá pè yín padà, fóònù sì kú. Àdúrà tí mo fẹ́ gbà fún ọ ṣì wà lẹ́nu mi o.

Mo jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ mi, mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tinú tẹ̀yìn. Àfojúsùn. Èmi mọ ohun tí à ń pè ní sísùn. Mo ní áà, ilé iṣẹ́ yìí gbọ́n, wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tí kò sùn dáadáa kò lè ṣiṣẹ́, ni wọ́n ṣe ní ẹni tó bá fojú sùn jù ni yóò gbowó jù. Inú mi dùn débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́. Ta ló tó ọ sùn láti kékeré? Òrùlé á máa jò, wà á kàn yí ẹ̀gbẹ́ padà ni. Bàbá rẹ ní tó bá jẹ́ ti oorun ni, àfi kí ọ̀gá yín lọ yáwó kó tó lè san tìrẹ.

Tíṣà ọ̀ọ́kán wa ló wá bà á jẹ́. Ó wá gba ṣòkòtò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí aṣọ oníaṣọ. Ó ní àfojúsùn ni iye ìpè tí ìwọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà lórí fóònù gbọ́dọ̀ parí lóòjọ́, pé ẹ̀rọ kan wà tó ń kà á. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe é kí ọ̀lẹ má bàa máa gba iye tí òṣìṣẹ́ gidi ń gbà, kí ẹni tó mọṣẹ́ má bàa sá lọ ibòmíràn, àti pé tí ọjà bá kú, kí ẹrù owó oṣù má bàa wọ ọ̀gá nìkan lọ́rùn.

Ó wọ̀ mí létí, kò wọ̀ mí nínú. Ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ti wó. Oní-búlọ́ọ̀kù tó ta búlọ́ọ̀kù rẹ̀ fún wa ní àwọn òṣìṣẹ́ òun ń ṣọ̀lẹ, ó ní iye tí kálukú bá ṣe ni òun máa sanwó lé. Ọ̀lẹ tán lóòótọ́! Búlọ́ọ̀kù ń jáde bí ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ta ló ráyè po sìmẹ́ǹtì kó pò? Òjò kan péré, ògiri kúnlẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá a jà, ó ní òun ka búlọ́ọ̀kù náà, ó pé. Mo ní èyí tó pé náà ló pa adìyẹ mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́.

Tóò, àwọn tó ń pè yín, ṣebí àwọn tí nǹkan bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ni? Tí ìyá arúgbó kan bá pè, tó kọ́kọ́ kí ọ, tó wá gbàgbé ẹjọ́ tó fẹ́ rò, ṣé wà á pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu kí iye lè pé? Bí o ṣe ṣe mí nìyẹn. Ó dùn mí gan-an ni, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Má fọwọ́ sí i! Tí wọ́n bá fẹ́ fún ẹni tó ṣe dáadáa ní ẹ̀bùn, kí wọ́n fi lé owó oṣù lórí, ta ló máa kọ̀ ọ́? Kí wọ́n má ṣáà yọ àga nídìí ẹni kí wọ́n tó ní kó jókòó. Tí wọ́n bá lé ọ, máa bọ̀ nílé. Máṣíìnì kejì wà níbí, ọkọ rẹ náà á rí nǹkan ṣe.

Kí o tó máa bọ̀, fi owó ògiri ránṣẹ́, àti ti adìyẹ. Fún awakọ̀ ni o, má fi sínú fóònù mi, torí bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú, mi ò fẹ́ kí owó bá a kú. Olúwa yóò tì ọ́ lẹ́yìn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní í di ẹ̀tẹ́, ẹni tó máa gbọ́ ọ dé òpin kò ní í wọ́n ọ.

Tí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ pé ta ló ní kí o má fọwọ́ sí i, fún un ní nọ́ńbà mi. Màá kí i, màá kí ìyá tó bí i, màá kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà la ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Sọ fún un kó jẹun kó tó pè.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò tíì sọ̀rọ̀ tán.