Dígí Dúdú Inú Àpò Kámẹ́rà Bàámi

Àbúrò mi ayàwòrán,

Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ikọ́ Màámi ti lọ, ẹnu wọn nìkan ni kò tíì sinmi.

Ọkàn mi ò balẹ̀ látìgbà tí o ti ní o fẹ́ ya oòrùn lọ́jọ́ tí òṣùpá máa bò ó. Dígí dúdú tí mo dì mọ́ kámẹ́rà Bàámi fún ẹ, jọ̀ọ́, má lò ó o! Ogójì ọdún ni Bàámi fi ń sọ pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò ló ba ojú òsì wọn jẹ́. Irọ́ ni. Àná ni wọ́n jẹ́wọ́: èéfín fìtílà ni wọ́n fi pa dígí yẹn dúdú, tí wọ́n fi ya irú oòrùn bẹ́ẹ̀. “Ojú ò dùn mí rárá bí mo ṣe ń wò ó,” ni wọ́n wí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ojú ò ríran mọ́.

Ra ojúlówó ìbòjú kámẹ́rà tí wọ́n ṣe fún yíya oòrùn, kí o sì ra awò tí wọ́n dìídì ṣe fún wíwo oòrùn fún gbogbo yín, kì í ṣe awò fáàrí.

Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ojú rẹ méjèèjì. Bàámi ní kí o fọ́ dígí yẹn, kí o wá fi fọ́tò oòrùn náà ránṣẹ́ sáwọn. Wọ́n ní ojú kan tó kù ń retí rẹ̀.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.