Ẹgbẹ̀rún Mẹ́fà Tó Wà Lọ́dọ̀ Ìjọba

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà
Orí mi ti dàrú. Akọ̀wé owó-oṣù — Ọ̀gbẹ́ni Padà-Wá-Lọ́la ni mo ń pè é, nínú ìwé yìí nìkan — pè mí jáde láàárín aṣọ ìbùsùn àwọn aláìsàn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń san owó lé fún mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lóṣooṣù. Ó ní àṣìṣe ni, màdáámù. Ẹ máa dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n padà.

Àṣìṣe kẹ̀! Èmi tí mo rò pé wọ́n ti fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá. Nígbà tí Àǹtí Sítáàṣì, ọ̀gá wa níbi ìfọṣọ, lọ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún, èmi ni mo di ipò wọn mú. Wọ́n padà dé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, owó tí wọ́n fi kún tèmi ò wálẹ̀. Mo ní háà, àwọn ọ̀gá àgbà ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ta ló ń béèrè irú ẹ̀? Mo sọ fún baálé mi, mo sọ fún ìyá mi, ìyá mi sọ fún gbogbo ayé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mi ò tíì lè sọ nílé.

Ọjọ́rú, 5
Mo tẹ́ ìwé owó-oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Kò bára mu. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí wọ́n ní wọ́n san lé, mẹ́jọ péré ló ń dé ọwọ́ mi. Owó orí ti bu méjì kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mẹ́rìnlélógún ni mo gbà, ọgbọ̀n ni wọ́n ń béèrè. Mẹ́fà tó kù ńkọ́? Mo kà á síwájú, mo kà á sẹ́yìn. Baálé mi ní kí ló dé tí mo ń bá bébà jà. Mo ní iṣẹ́ ipò tuntun ni. Ẹnu mi yìí!

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Padà-Wá-Lọ́la ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà wà lọ́dọ̀ ìjọba, kí n lọ gbà á ní ọ́fíìsì owó orí. Mo ní ṣé èmi ni mo gbé e fún wọn ni? Ó ní orúkọ mi ló wà lórí ẹ̀.

Aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ kún ilẹ̀ lónìí. Àǹtí Sítáàṣì ń tiro. Mo ní kí wọ́n jókòó, èmi á pín iṣẹ́ fáwọn tó kù, bí mo ṣe ń ṣe látìgbà tí wọ́n ti dé. Wọ́n ní, "Ó dáa, bí ẹ bá ṣe fẹ́." Èmi ni wọ́n ń pè ní "ẹ" kẹ̀? Àwọn tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ! Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ni, mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ọ́fíìsì owó orí. Ìlà gùn, bẹ́ńṣì le. Obìnrin ojú fèrèsé ní ibi iṣẹ́ tó yọ ọ́ ló máa tún un ṣe, kì í ṣe àwọn. Padà-Wá-Lọ́la ní ọ̀dọ̀ wọn ni. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni. Wọ́n sọ mí di bọ́ọ̀lù. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ, èmi nìkan ni ò mọ̀. Mo sunkún díẹ̀ nílé ìyàgbẹ́ wọn, mo bọ́jú, mo lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo jẹ́wọ́ fún baálé mi. Ó ní, "O ò wá jẹ́ ọ̀gá?" Mo ní mi ò jẹ́ nǹkan kan. Ó ní ṣé kí òun ṣì máa bá mi fọ abọ́, bí òun ṣe ń ṣe látìgbà tí mo ti di ọ̀gá, àbí kí òun jáwọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ ta ló máa sọ fún ìyá mi?

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo padà sí ọ́fíìsì owó orí. Obìnrin ojú fèrèsé fúnra ẹ̀ pe Padà-Wá-Lọ́la lórí fóònù. Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Mẹ́rìnlélógún tó dé ọwọ́ mi nìkan ni màá dá padà, díẹ̀díẹ̀. Mẹ́fà yẹn, ilé ìwòsàn ló máa bá ìjọba yanjú ẹ̀. Ó yé mi. Mo rò pé ó yé mi.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, Padà-Wá-Lọ́la ní èmi ni mo tiẹ̀ le, ẹnì kejì ò yọ òun lẹ́nu rárá. Ẹnì kejì wo? Ó ní nígbà tí mo di ipò mú, wọ́n pààrọ̀ àwa méjèèjì nínú kọ̀ǹpútà, wọn ò sì dá a padà. Láti oṣù mẹ́ta, owó tèmi ni Àǹtí Sítáàṣì ń gbà.

Kí ló dé tí wọn ò béèrè?

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo bá Àǹtí Sítáàṣì nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ. Wọ́n ní àwọn rò pé ilé ìwòsàn ti já ipò àwọn wálẹ̀ nítorí orúnkún, tí wọ́n sì fi mí rọ́pò. Wọ́n ń retí kí n fẹnu ara mi sọ fún wọn. Nígbà tí mo wá ń ní kí wọ́n jókòó, tí mo ń pín iṣẹ́, wọ́n ní kò tún sí ohun tí àwọn fẹ́ béèrè mọ́.

Mo ní Àǹtí, orúnkún yín ni mo ń rò! Mo ní àṣìṣe ni, gbogbo owó yín á padà. Wọ́n ń ká aṣọ lọ. Wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mi ò mọ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní, "Kò burú, ọmọ mi." Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17
Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn pè mí. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bẹ Àǹtí kí wọ́n dúró. Ó ní òun ti bẹ̀ wọ́n láàárọ̀, wọ́n kọ̀. Ó ní èmi ni ọ̀gá ibi ìfọṣọ láti oṣù tó ń bọ̀, Àǹtí fúnra wọn ló dárúkọ mi. Wọ́n ní kò sídìí láti wá ẹlòmíì, èmi náà ni mo ti ń ṣe é láti oṣù mẹ́ta.

Mo ní ẹ ṣé, sà.