Ẹsẹ̀ Lásán Lójú Títì Barking

Sọ́ńdè, 2 Fẹ́búárì
Ó ti sú mi. Mọ́tò Dádì ti kú láti Kérésì, ni a bá ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé wa ní Gascoigne dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Castle Green. Ìrìn kọ́ ni mo ń bá jà. Àwa aláṣọ funfun kì í wọ bàtà tí sùtánà bá ti wà lọ́rùn, Dádì sì ní dandan, ilé la ti máa wọ̀ ọ́. Àwọn ìdílé tó kù ń wọ tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa nìkan. Nínú òtútù yìí. Mo ní ẹ jẹ́ ká gbé e sínú báàgì. Ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, Mósè bọ́ bàtà." Wọn ò ní kí Mósè gba iwájú ṣọ́ọ̀bù adìẹ díńdín kọjá.
Àfọ́kù ìgò gún mi lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kan sì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Wọ́n ya wá ní fọ́tò.

Mọ́ńdè, 3
Fọ́tò ti kárí ilé ìwé. Orúkọ mi ti di Iwin. Rodiyah ọ̀rẹ́ mi ní kí n má dá wọn lóhùn, pé wọ́n ti fi híjáàbù òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Àfọ́kù ìgò kì í gún èèyàn torí híjáàbù.

Wẹ́sìdeè, 5
Mo ń tiro. Tíṣà kíláàsì wa – Mísì Bísíkíìtì, torí ó máa ń fún èèyàn ní bísíkíìtì kó tó da ìbéèrè bò ó – bi mí pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi. Inú ń bí mi. Mo ní, "Dádì mi ni ò jẹ́ kí n wọ bàtà." Mi ò dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní láti ìgbà wo? Mo ní láti kékeré.
Ó gbé bísíkíìtì tiẹ̀ kalẹ̀.
Tó bá jẹ́ Ṣàgámù ni, tíṣà á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Àṣé ọmọ aláṣọ funfun ni ẹ́." Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Láti ọdún tí a ti dé ìlú yìí, mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́ tí mo bá la ẹnu.

Fúráídè, 7
Ilé ìwé pe Mọ́mì níbi iṣẹ́. Obìnrin kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé fún ìjọba ń bọ̀ wá sílé wa ní Túsìdeè. Mọ́mì sunkún ní kíṣìnì. Ó ní wọ́n máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ èèyàn níbí. "Kí lo lọ sọ fún òyìnbó, Ìmọ́?" Mo ní mi ò sọ nǹkan kan.
Dádì ò bá mi wí. Ìyẹn ló tún wá burú jù.

Sọ́ńdè, 9
A ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Dádì lọ sùtánà rẹ̀, ó fi kọ́, ó jókòó tì í.

Túsìdeè, 11
Obìnrin náà dé. Ó bọ́ bàtà ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó bọ́ ọ. Mọ́mì ti se jọ̀lọ́ọ̀fù, ó ti dín dòdò. Obìnrin náà ní òun ò lè jẹun níbi iṣẹ́. "Ẹ kàn tọ́ ọ wò." Ó tún kọ̀. Ojú Mọ́mì dà bí ojú ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi. Dádì ń pè é ní mà, mà, mà, bẹ́ẹ̀ ó lè bí i lọ́mọ.
Ó wá ní òun fẹ́ bá èmi nìkan sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé ẹ̀rù Dádì ń bà mí? Ẹ̀rín pa mí. Dádì tí kò lè pa eku, tó jẹ́ pé ike ló fi gbé e lọ tú u sílẹ̀ níta. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀: sùtánà, Mósè, ìgò, fọ́tò. Ó ní ṣé Dádì mọ̀ nípa fọ́tò? Mo ní rárá.
Kó tó lọ, ó sọ fún wọn pé kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kí n máa wọ bàtà ní títì, kí Dádì sì bi mí nípa fọ́tò. Mọ́mì di jọ̀lọ́ọ̀fù fún un. Ó gbà á.
Ó ku èmi àti Dádì. "Fọ́tò wo?" Mo fi hàn án. Ó wò ó, ó wò ó.
"Èmi náà wà nínú ẹ̀." Lẹ́yìn náà: "Ṣé èmi náà ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín?"
Mo gba fóònù mi lọ́wọ́ ẹ̀.

Sọ́ńdè, 16
Mọ́mì wà níbi iṣẹ́. Dádì fúnra ẹ̀ ló ká sùtánà mi sínú báàgì. Mo wọ bàtà. Òun wọ sùtánà tiẹ̀, ó fẹsẹ̀ lásán jáde. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé ṣọ́ọ̀bù adìẹ, ó ní, "Máa rọra bọ̀ lẹ́yìn. Jẹ́ kí n ṣíwájú, wọn ò ní mọ̀ pé a jọ ń lọ." Ó yára. Ó yẹ kí n lé e bá. Mo lọ dúró síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì.
Ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ń tọ́ka sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ṣé mo mọ bàbá yẹn.
Mo ní rárá.
Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì wà nídìí ẹ̀rọ omi. "Ṣé ẹnikẹ́ni ò yọ ẹ́ lẹ́nu?"
Mo ní rárá.
Ó ní, "A dúpẹ́," ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọ ẹsẹ̀ ẹ̀.