Ìyá Tí Rédíò Ní Ebi Ń Pa

Yocasta ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun gidi ní Santo Domingo níbẹ̀, àbí kọfí àti búrẹ́dì náà ni? Màríà Wúńdíá ti Altagracia á da aṣọ rẹ̀ bò ọ́, ọwọ́ rẹ ò ní wálẹ̀, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín. Gbogbo wa níbí, àlàáfíà ni a wà. Kòkó tí a sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ti gbẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ dúdú bímọ, ó bí méje, ó sì sùn lé ọ̀kan lórí, o mọ̀ pé kò lárojinlẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Fóònù tí o rà fún mi wà nílẹ̀, ìkòkò ni mo fi dé e mọ́lẹ̀, wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú. Fello dírẹ́bà ló máa mú lẹ́tà yìí wá bá ọ.

Ọ̀rọ̀ ìbò ni. O mọ̀ pé a fẹ́ yan olórí fún gbogbo abúlé orí òkè yìí, Yuyo wa sì ń du ipò náà. Yuyo tí ẹ jọ mu ọmú mi nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Yuyo tí kò lè kọjá lára ìkòkò kó má ṣí i wò. Inú mi dùn débi pé mo jó títí orúnkún fi ń ro mí. Don Fabio Lantigua ló wà lórí ipò báyìí, àna rẹ̀ ló sì ni ilé iṣẹ́ rédíò kan ṣoṣo tó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan ní ìyẹn ò dáa. Mo ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí ẹni tó bá ń jẹun nílé olórí lá á tètè gbọ́ òtítọ́ ju àwa lọ.

Rédíò yìí ló wá tú àṣírí ẹnì kẹta tó ń du ipò náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eleuterio Paulino. Yocasta, èèyàn burúkú ń bẹ láyé. Láràárọ̀, kí a tó gba àdúrà rósárì, wọ́n á ní ó fẹ́ máa gba owó orí lórí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní ó máa ti itẹ́ òkú wa pa, tí a ó máa gbé òkú wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú. Mo pa gbogbo ìyẹn mọ́ra. Èyí tó dùn mí wọra ni pé ó pa ìyá arúgbó tó tọ́ ọ dàgbà tì, ebi ń lu obìnrin náà pa, òjò ń rọ̀ sí i lára nínú ilé. Mo sunkún. Mo wa ẹ̀gẹ́, mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo dì wọ́n kún àpò kan dẹ́nu, mo ní kí Fello gbé e lọ sílé iṣẹ́ rédíò kí wọ́n bá mi fún ìyá náà. Fello ní wọ́n gbà á, wọ́n sì dúpẹ́ gan-an.

Nígbà tó yá ni ọ̀rọ̀ náà dé orí fóònù, ta ni mo sì gbọ́? Ìwọ ni. Ohùn rẹ gan-an, èyí tí o fi ń ka ìpolówó jẹun níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín kékeré tó máa ń gba imú rẹ jáde yẹn. Orí mi wú. Mo gbé fóònù náà kiri ojúlé, mo ní ẹ wá gbọ́ ọmọ mi. Minga onísọ̀, tí òun náà ń pè mí ní Nana bíi ti Yuyo, bi mí pé Nana, ṣé òótọ́ ni ohun tí Yocasta ń sọ yìí ṣá? Mo ní ọmọ tí mo fi inú mi bí, bó bá ti là á lẹ́nu, ó ti parí nìyẹn. Gbogbo wọn búra pé Eleuterio ò ní rí ẹyọ ìbò kan lórí òkè wa.

Lọ́jọ́ Sátidé, a gbọ́ ariwo orin, wọ́n ní Eleuterio ń bọ̀. Mo gbé garawa omi àjẹkù ẹlẹ́dẹ̀, mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ dúró, ẹnì kan bẹ́ sílẹ̀, mi ò tiẹ̀ wojú rẹ̀, mo da gbogbo rẹ̀ lé e lórí. Ọkùnrin náà nu ojú, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ há sí i létí, ó kúnlẹ̀, ó ní, Nana, ẹ súre fún mi. Yuyo ni. Ta ló ń fi ire du ọmọ? Garawa wà lọ́wọ́ mi, mo ní Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi, Eleuterio ńkọ́? Ó ní, èmi náà ni, Nana, orúkọ tí fáda sọ mí níbi ìrìbọmi nìyẹn, ẹ̀yin ni ẹ ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo jókòó. Mo ní, ta wá ni ìyá tí ebi ń pa? Ó ní, ẹ̀yin náà ni.

Mo gbójú sókè wo páànù tuntun tí Yuyo kàn sórí ilé ìdáná mi nígbà Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, mo wo ikùn mi tó ṣíwájú mi yọ, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń fi ìbòrí fẹ́ mi. Àṣé èmi ni mo di ẹrù oúnjẹ ránṣẹ́ sí ara mi, tí àwọn rédíò gbé e jẹ.

Ṣùgbọ́n Minga ò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí Eleuterio bá jẹ́ Yuyo, a jẹ́ pé arábìnrin rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, orí bẹ́ńṣì kan náà ni ẹ jọ jókòó sí níléèwé, tíṣà ń pe orúkọ náà létí rẹ lójoojúmọ́. Ó ní ẹni tó bá súnmọ́ni ló ń mọ ìṣe ẹni, nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Ìdajì òkè yìí ti gbà fún un, wọ́n ní àwọn ò dìbò fún Yuyo mọ́. Bí ìbò náà bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, Yocasta, ẹnu mi àti fóònù yẹn ló ṣe é, ó sì ń dùn mí. Mo ti sọ fún wọn pé ẹnì kan ló jí ohùn rẹ. Fóònù ń jí nǹkan, ọmọ Minga ní ó jí àwòrán òun. Ìdí tí mo fi fi ìkòkò dé e nìyẹn, kó má baà jí ohùn tèmi náà. Mo ní kí Yuyo jẹ́ kí a lọ fi ọlọ́pàá mú olè yìí. Ó wo ilẹ̀, ó ní, Nana, ẹ fi sílẹ̀, bóyá iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni. Ó wá lọ wẹ̀. Ọmọ yẹn ṣàánú jù.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Orúnkún ń fẹ́ òróró, ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ń fẹ́ wáyà, o mọ̀ pé mi ò lè ṣe kí n má tọrọ. Ṣùgbọ́n má fi ti oṣù yìí ránṣẹ́. Fi wọ ọkọ̀ Fello wá sílé. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, tí ìbò á ku ọ̀sẹ̀ kan, mo ti ní kí gbogbo wọn dúró níwájú ìsọ̀ Minga lẹ́yìn Mísà. Wàá gun orí bẹ́ńṣì, wàá fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé ìwọ kọ́, pé Yuyo ò pa mí tì rí. Mo ti ṣèlérí fún wọn pé o ń bọ̀. Ọdún méjì rèé tí o ti wálé kẹ́yìn, wọ́n á fẹ́ rí ọ.

Ọlọ́run á sin ọ́ lọ, á sin ọ́ bọ̀, ohùn rẹ ò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò fi ba ilé rẹ jẹ́. Bí olè yẹn bá sì wà nítòsí rẹ níbi iṣẹ́, má bú u. Sọ fún un pé ìyá náà ti jẹun, ó ti yó, ó sì ti bu tirẹ̀ náà sílẹ̀ dè é.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ubaldina