Bátìrì Tó Wà Láyà Bàbá Rẹ

Karin, ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìjì yìnyín ọjọ́ Sátidé gbé òrùlé ilé màlúù wa lọ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ ní Minneapolis. Àlàáfíà la wà, àfi ológbò tó bímọ mẹ́fà sínú àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ, àti Lavonne aládùúgbò wa tó ṣì ń bínú pé pòtétò oníwàràkàṣì tòun nìkan ló ṣẹ́kù nígbà tí a jẹun ní ṣọ́ọ̀ṣì.

A rí àwo iná tí o fi ránṣẹ́ gbà, èyí tí a ó máa gbé fóònù lé kó lè gba iná. O kọ̀wé pé kò ní wáyà. Karin, ó ní wáyà. Ó gùn tó apá mi, inú ògiri ló sì wọ̀. Mo rò pé ti ẹlòmíràn ni wọ́n ṣì gbé wá, àfi ìgbà tí mo gbé fóònù lé e tí iná aláwọ̀ ewé tàn. Ó dára púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni pé bí mo bá gbé fóònù sókè láti sọ̀rọ̀, kò gba iná mọ́, nítorí náà mo máa ń tẹ̀ ba, tí n ó fi etí lé tábìlì. Lavonne bá mi bẹ́ẹ̀, ó ní ṣé àdúrà ni àbí eyín ló ń dùn mí. Kì í jókòó ní kíṣìnì wa mọ́, ó ní iná tí a kò rí ń fò káàkiri, kò ní yan òun bí adìẹ. Mo máa ń fi aṣọ ìnuwọ́ bo àwo náà bó bá ti dé, nítorí àlejò. Mo gbé aago ògiri lé e, kò gbà. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì lé e, kò gbà. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé e, ó gbóná, mo ní ìyẹn ti yó nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. O mọ̀ pé ẹ̀rọ kékeré abẹ́ awọ àyà bàbá rẹ, tó ń rán ọkàn wọn létí kó máa lù, bátìrì ló ń lò. Dókítà ní ó ti ń tán lọ, àwọn yóò la ibẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ ní láéláé. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń jí bátìrì katakata gbogbo àdúgbò yìí dìde nígbà òtútù, wọn kò sì ra tuntun rí láìṣáàjì ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní irú mẹkáníìkì wo ló ń tú ọkọ̀ palẹ̀ nítorí bátìrì tí kò tíì fún níná wò? Wọ́n wo àwo rẹ, wọ́n wo àyà wọn, wọ́n ní Karin mọ ohun tó ń ṣe, kò kàn fẹ́ là á mọ́lẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ sunkún díẹ̀ pé ọmọ mi gbọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, mo gbé àwo lé wọn láyà. Iná pupa ló ń ṣẹ́jú. Wọ́n ní kí n yí i, mo yí i. Wọ́n ní bóyá ẹ̀rọ tiwọn ló ti di ògbólógbòó. Kò pẹ́, wọ́n ní òòyì ń kọ́ àwọn, mo bá sáré pe nọ́ọ̀sì dókítà wọn lórí fóònù. Ó ní kí n gbé e kúrò ná kí n tó sọ ìyókù. Mo gbé e kúrò, ara wọn balẹ̀. Ó bi mí ta ló kọ́ wa nírú ìyẹn. Mo ní ìwọ ni. Ó ní òòfà wà nínú àwo náà tó lè da ẹ̀rọ ọkàn láàmú, kó máa jìnnà sí àyà wọn, ó kéré tán ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí n má sì gbé irin lé e. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, kò sì ní yan Lavonne. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ bàbá rẹ kò lè gba iná láti ìta. Kí wọ́n là á ni, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kó tó dákẹ́ mọ́ wọn láyà.

Bàbá rẹ lọ fún màlúù lóúnjẹ. Wọ́n wá ní ọ̀bẹ kọ́ ló ń ba àwọn lẹ́rù. Bí èèyàn bá ń tú ẹ́ńjìnnì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá a di tọ́ọ̀ṣì mú, ọwọ́ èmi Ardis sì ń gbọ̀n. Wọ́n ní Karin ló máa ń dì í mú lábẹ́ katakata nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, tí kì í gbọ̀n. Bí o bá wà níbẹ̀, àwọn á lọ.

Jọ̀wọ́, wá owó epo ọkọ̀ díẹ̀ fún wa, ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́, mú un dání. Ọlọ́run yóò tọ́ ọwọ́ dókítà, yóò tọ́ ọ sọ́nà, ọmọ tìrẹ náà yóò dúró tì ọ́. Má fi nǹkan tuntun kankan ránṣẹ́ mọ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Ìwọ ni kí o dé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ardis