Gbólóhùn Tí Ẹ Kò Sọ

Bàbá mi àtàtà,

Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi ayé sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń bá mi sọ Yorùbá nílé mọ́. Bí mo bá kí àwọn ọmọ, Píjìn ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àárò yín sọ mí, mo bá lọ gbọ́ ohùn yín tí mo gbà sílẹ̀ nílé yín ní Iyaro, nígbà tí mò ń ṣèwádìí lórí àwọn àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ̀rọ kan wà tó ń sọ ohùn ènìyàn di àkọsílẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Níbi tí kò bá ti gbọ́ nǹkan kan, ó lè fi èyí tó bá a mu dí àlàfo. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi ní yunifásítì ní Ugbowo, mo gbé ohùn yín àti ti àwọn àgbàlagbà yòókù fún un, n kò sì fi etí ara mi yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Mo bi yín ìdí tí ẹ fi pa oògùn tì. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé ẹ̀ ń bẹ̀rù ohun tí oògùn lè fà sí yín lára. Gbólóhùn náà dán, orí rẹ̀ ni mo sì gbé gbogbo àlàyé mi kà. Bàbá, ẹ kò sọ ọ́. Nígbà tí mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, ìró fáànù nìkan ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè bóyá mo ti jẹun.

Kí ló dé tí ẹ pa á tì? Ṣé oògùn náà ti tán, tí ẹ kò fẹ́ yọ mí lẹ́nu ni? Kí ló dé tí n kò tún bi yín?

Mo rántí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń tún aago ṣe ní Sapele Road. Ẹ kì í dá aago ọwọ́ padà fún oníbàárà láìso bébà kékeré mọ́ ọn: ohun tí ẹ yọ, ohun tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, ohun tí ẹ kò lè tún ṣe. A máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹni tí aago rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́ kì í kà á.

Àwọn olóòtú ti gbà láti tẹ iṣẹ́ mi jáde. Òun ni ìgbéga mi dúró lé. Lánàá, mo kọ̀wé pé kí wọ́n dá a dúró. Mò ń gbọ́ ohùn gbogbo àwọn àgbàlagbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí. Màá kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà: ohun tí ẹ̀rọ ṣe, ohun tí mo tún ṣe, àti ibi tí n kò lè mọ̀.

Níbi tiyín, mo kọ ọ́ pé: kò dáhùn, ó béèrè bóyá mo ti jẹun.

N kò tíì jẹun, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì ń tẹ́tí sí yín.